Ìṣọwọ́tayò Ètò Kọ̀ǹpútà àti Ipò Àfikèkéyàn nínú Ṣẹ́ẹ̀sì: Ìgbìyànjú Kan lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn onímọ̀ gbájú mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, láti 1970, ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀, ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ohun tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi hàn ni pé kò sí ìmọ̀ tí èdè Yorùbá kò lè gbé, bí àwọn tí ó ń sọ ọ́ bá fara balẹ̀ wá ọ̀rọ̀ fún un. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi ọ̀rọ̀-ìperí díẹ̀ kún èyí tí ó ti wà nílẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ tí a mú ni bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì, pàápàá nígbà tí a bá fi kèké yan ipò tí ayò náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì. Láti 2018 ni Chess in Slums Africa, tí Túndé Ọnàkọ̀yà dá sílẹ̀, ti ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní ayò yìí ní Èkó. Ní oṣù Kẹrin 2024, òun àti Shawn Martinez jókòó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ọgọ́ta wákàtí ní Times Square ní New York. Ayò náà ti wọ ilé-ìwé, ó sì ti wọ inú fóònù. Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Òkè-Odò, ní Alímọ̀ṣọ́, bá bi olùkọ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá pé báwo ni fóònù ṣe ń ta ayò, kí ni olùkọ́ yóò wí? Bí ó bá ní ẹ̀rọ náà ń ronú ni, ó ti ṣi ọmọ náà lọ́nà. Bí ọmọ náà bá tún béèrè nípa ṣẹ́ẹ̀sì tí a fi kèké bẹ̀rẹ̀, tí olùkọ́ sì dáhùn pé ńṣe ni wọ́n da àwọn ọmọ ayò rú, ó ti ṣì í lọ́nà lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ohun tí ó dúró fún mu kì í ṣe àléébù èdè nìkan. Ìmọ̀ tìkára rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́.

Àbá tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni èyí: ìṣọwọ́tayò ètò kan jẹ́ àmì ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé àti ibi tí kò dé, ipò àfikèkéyàn ni ó sì ń fi ààlà náà hàn kedere. A ó ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

2.0 Kí ni ipò àfikèkéyàn?

Ojú ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì ní ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, funfun àti dúdú. Ọ̀tayò kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò mẹ́rìndínlógún. Ọmọ-ogun mẹ́jọ wà ní iwájú. Ní ẹ̀yìn wọn ni a ti rí ọba kan, ayaba kan, ilé-ìṣọ́ méjì, bíṣọ́ọ̀bù méjì àti ẹṣin méjì. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì tí a jogún, ààyè àwọn mẹ́jọ ti ẹ̀yìn kì í yí padà: ilé-ìṣọ́ ń wà ní kọ̀rọ̀ méjèèjì, ẹṣin tẹ̀lé e, bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀lé ẹṣin, ọba àti ayaba sì wà láàárín.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1996, ní Buenos Aires ní Ajẹntínà, Bobby Fischer, ará Amẹ́ríkà tí ó gba adé àgbáyé ní 1972, kéde ìlànà mìíràn. Ó ní kí a máa fi kèké yan ààyè àwọn mẹ́jọ náà kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, kí ti funfun àti ti dúdú sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó fi òfin méjì dè é. Èkíní, bíṣọ́ọ̀bù kan gbọ́dọ̀ wà ní ilé funfun, kí èkejì wà ní ilé dúdú. Èkejì, ọba gbọ́dọ̀ wà láàárín ilé-ìṣọ́ méjèèjì, kí ìfọbasódi lè ṣeé ṣe. Ohun tí a ń pè ní ìfọbasódi ni ìgbésẹ̀ tí ọba àti ilé-ìṣọ́ jọ ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà kí ọba lè rí ibi ààbò sá sí. Níbikíbi tí àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, ilé tí wọn ì bá dé nínú ṣẹ́ẹ̀sì àtijọ́ náà ni wọn yóò dé.

Òfin méjì yìí ni ó sọ iye ipò tí ó lè wáyé di mímọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ti ilé funfun ní ilé 4 tí ó lè wà, ti ilé dúdú náà ní 4: 4 × 4 = 16. Ilé 6 ni ó ṣẹ́ kù tí ayaba lè wà: 16 × 6 = 96. Ilé 5 ni ó wá kù, ọ̀nà 10 ni a sì lè gbà fi ẹṣin méjì sí ilé 5: 96 × 10 = 960. Ilé 3 tí ó gbẹ̀yìn kò mú àríyànjiyàn wá. Ọba gba ti àárín, ilé-ìṣọ́ gba ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣẹ́ẹ̀sì tí a jogún jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú 960 náà. Èdè Yorùbá sì ti ní orúkọ fún iye yìí láti ìgbà láéláé: òjìdínlẹ́gbẹ̀rún, ìyẹn ẹgbẹ̀rún tí a yọ ogójì kúrò nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òjìdínnírinwó ti jẹ́ irinwó tí a yọ ogójì kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, a dábàá pé kí a pe ayò yìí ní ṣẹ́ẹ̀sì òjìdínlẹ́gbẹ̀rún.

Orúkọ tí a ó pe irú ipò bẹ́ẹ̀ ni ó gba àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì kọ̀. A kọ ipò rúdurùdu, nítorí pé ètò àti òfin wà nínú ohun tí a ń sọ. A kọ ipò àìròtẹ́lẹ̀, nítorí pé ìyẹn ń sọ bí ó ṣe rí lójú ọ̀tayò, kò sọ ọ̀nà tí a gbà rí i. Ohun tí ẹnì kan fi ọgbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn náà lè jẹ́ àìròtẹ́lẹ̀ fún ẹlòmíràn. A kọ ipò àfìbòyàn pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ti gba ìbò lọ́wọ́ kèké. Ẹni tí a fìbò yàn lóde òní ni ẹni tí àwọn ènìyàn fẹ́, bẹ́ẹ̀ kèké kò fẹ́ ẹnì kankan ju ẹnì kejì lọ. Èyí ni a fi mú ipò àfikèkéyàn.

Ẹni tí ó bá rò pé òfin àti kèké kò lè jọ gbé pọ̀ ni kí ó wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èèpo mẹ́jọ ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Nítorí náà odù 256 ni ó lè yọ, kò lè dín, kò sì lè lé. Babaláwo kì í yan èyí tí yóò yọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò sọ pé rúdurùdu ni Ifá. Bákan náà ni 960 ti rí.

3.0 Àkọ́sórí ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo awakọ̀ kan tí ó ń ti Òkè-Odò lọ sí Ìkòtún lójoojúmọ́. Ó kọjá Ìyànà-Ìpájà, ó kọjá Ẹ̀gbẹ́dá, ó kọjá Ìdímù, ó ti dé. Ó mọ ibi tí kòtò wà, ó sì mọ ibi tí èrò pọ̀ sí. Ṣé ọkọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n wà ni, tàbí ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó mọ̀? A kò lè dáhùn títí a ó fi gbé e sí àdúgbò tí kò dé rí.

Irú ìmọ̀ ọ̀nà kan yìí ni ó pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Nítorí pé ipò kan náà ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, a ti tú ìbẹ̀rẹ̀ náà wò débi pé àwọn ọ̀ta ń gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, nígbà mìíràn ogún, láti inú orí kí ìrònú tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùṣètò kọ̀ǹpútà náà kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún ètò wọn. Deep Blue, tí ó borí Garry Kasparov pẹ̀lú 3½ sí 2½ ní New York ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1997, lè yẹ ipò mílíọ̀nù 200 wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Síbẹ̀ àwọn ọ̀ta tí í ṣe ènìyàn ni wọ́n ti bá a to ìbẹ̀rẹ̀ ayò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Òyìnbó ń pe ìmọ̀ yìí ní ìwé. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ètò náà ń kàwé. Àkọ́sórí ìbẹ̀rẹ̀ ni a fara mọ́, nítorí pé ó sọ irú ìmọ̀ tí ó jẹ́: èyí tí a gbà láìsí pé a tún un wádìí.

Ipò àfikèkéyàn ń sọ àkọ́sórí ìbẹ̀rẹ̀ di aláìwúlò lọ́gán. Ní 2019, ní ilẹ̀ Nọ́wè, níbi ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀sì yìí tí àjọ FIDE fọwọ́ sí, Wesley So na Magnus Carlsen, tí ó wà lórí oyè àgbáyé nínú ṣẹ́ẹ̀sì àtijọ́ nígbà náà, pẹ̀lú 13½ sí 2½. Ní ti àwọn ètò kọ̀ǹpútà, ìlú Mainz ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń bá ara wọn díje nínú rẹ̀ láti 2005. Ìbéèrè tí ó dìde ni pé nígbà tí a bá gba àkọ́sórí lọ́wọ́ ètò, kí ni ó kù fún un?

4.0 Ìtọpa àti ìdíyelé

Ohun méjì ni ó kù. Claude Shannon ti ya wọ́n sọ́tọ̀ nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1950, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì kéré níye ní gbogbo ayé. Èkíní ni títẹ̀lé ipa ọ̀nà ayò síwájú: bí mo bá gbé èyí, òun lè gbé èyí tàbí èyí, èmi náà yóò wá gbé èyí. A pè é ní ìtọpa. Ọdẹ tí ó dé ìkóríta inú igbó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀ta ayò ọlọ́pọ́n náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ inú odù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọpa kò lè dé òpin ayò. Shannon fojú bù ú pé iye ipò tí ó lè wáyé nínú ṣẹ́ẹ̀sì tó 1 tí òdo 43 tẹ̀lé. Níbi tí ìtọpa bá ti dúró, ètò gbọ́dọ̀ wo ipò náà kí ó sì sọ iye tí ó tọ́ sí i: ṣé ó sàn fún funfun ni, tàbí ó sàn fún dúdú? Èyí ni èkejì, a sì pè é ní ìdíyelé, gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ti ń díye lé ọjà kí ó tó tà á.

Bí ètò kan ṣe pín agbára rẹ̀ láàárín méjèèjì ni a ń pè ní ìṣọwọ́tayò rẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ́ni ní ìṣọwọ́lo-èdè yóò mọ ibi tí a ti mú ọ̀rọ̀ yìí: bí òǹkọ̀wé méjì ti ń lo èdè kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ètò méjì ń ta ayò kan náà. Àpẹẹrẹ wà nínú ìwádìí tí àwọn tí ó ṣe AlphaZero tẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá 2018. Stockfish, tí ó bá AlphaZero díje, ń yẹ ipò bíi mílíọ̀nù 60 wò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, pẹ̀lú ìdíyelé tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ kọ. AlphaZero ń yẹ ipò bíi 60,000 péré, ṣùgbọ́n ìdíyelé rẹ̀ jinlẹ̀. Àwọ̀n-ìṣirò ńlá ni ó ń ṣe é, èyí tí ó kọ́ ara rẹ̀ nípa ìbára-ẹni-ta, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ayò ènìyàn hàn án. Nínú ayò 1,000, AlphaZero jẹ 155, ó pàdánù 6, ìyókù sì jẹ́ ọ̀mì. Láti 2018 ni Leela Chess Zero ti ń tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Ní 2020, Stockfish náà gba àwọ̀n-ìṣirò kékeré kan sínú ìdíyelé rẹ̀, ó sì di ìtọpa púpọ̀ mọ́ ọn.

A lo àwọ̀n-ìṣirò dípò ọ̀rọ̀ tí ó ní iṣan tàbí ọpọlọ nínú. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ronú irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ fi ọpọlọ ènìyàn ṣe àwòkọ́ṣe ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹran ara. Bákan náà ni a kọ̀ láti pe ètò atayò ní ẹ̀rọ, nítorí pé ètò kan náà lè wà nínú fóònù tàbí nínú kọ̀ǹpútà tí ó kún yàrá.

5.0 Bíṣọ́ọ̀bù inú kọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí ó fi gbogbo èyí hàn. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì tí a jogún, ilé-ìṣọ́ ni ó ni kọ̀rọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí bíṣọ́ọ̀bù dé ibẹ̀. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì òjìdínlẹ́gbẹ̀rún, kèké lè gbé bíṣọ́ọ̀bù sí kọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdábùú ni bíṣọ́ọ̀bù ń rìn. Láti kọ̀rọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, ọmọ-ogun tirẹ̀ sì dúró sí ẹnu ọ̀nà náà. Bí ohun kan bá tún dí ọmọ-ogun yẹn lọ́nà, bíṣọ́ọ̀bù ti wọ ẹ̀wọ̀n. Ó lè wà níbẹ̀ títí ayò yóò fi parí.

Nígbà tí ìdíyelé Stockfish jẹ́ àfọwọ́kọ, àwọn olùṣètò rẹ̀ mọ ewu yìí, wọ́n sì kọ òfin kan sílẹ̀ tí ó ń dín iye ipò kù nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá há sí kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọ̀n-ìṣirò gba iṣẹ́ ìdíyelé, òfin náà kò bá a wọlé. Ayò tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ipò àtijọ́ ni àwọ̀n náà fi kọ́ṣẹ́. Kò tíì rí ẹ̀wọ̀n yẹn tó láti mọ̀ ọ́n. Ètò tí ó lágbára ju gbogbo ènìyàn lọ wá ń fojú di ewu tí akẹ́kọ̀ọ́ lásán lè rí. Ní 2021, àwọn olùṣètò ní láti fi ọwọ́ kọ òfin náà padà, kí ó máa tún ìdíyelé àwọ̀n náà ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀sì òjìdínlẹ́gbẹ̀rún nìkan. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ayò tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ipò àfikèkéyàn kún ohun tí àwọ̀n fi ń kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ó mọ ewu náà fúnra rẹ̀, wọ́n yọ òfin àfọwọ́kọ kúrò.

Kí ni a rí kọ́? Ìtọpa kò bìkítà nípa ibi tí ayò ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò kan náà ni ó ń ṣe níbi gbogbo. Nítorí náà, ètò tí ìtọpa rẹ̀ pọ̀ kì í ṣe àjèjì ní ipò àfikèkéyàn; ohun tí ó fara sin fún ìdíyelé rẹ̀, ìtọpa lè tú u fó, bí kò bá jìnnà jù. Ẹ̀wọ̀n bíṣọ́ọ̀bù sì jìnnà, nítorí pé ó lè tó ogójì ìgbésẹ̀ kí ìyà rẹ̀ tó hàn. Ètò tí ó gbára lé ìdíyelé tí a kọ́, ní tirẹ̀, mọ ohun tí ó ti rí. Bí a bá fi ipò púpọ̀ kọ́ ọ, ó lè mọ púpọ̀, bí a bá fi ipò kan kọ́ ọ, àkọ́sórí yóò fara pamọ́ sínú rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àkọ́sórí tí a kọ sílẹ̀ rọrùn láti rí. Èyí tí ó wọ inú ìdíyelé kì í hàn títí kèké yóò fi ṣubú sí ibòmíràn.

6.0 Ẹ̀rí láti inú ayò ọlọ́pọ́n

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé ètò kan wà tí kò ní ìṣọwọ́tayò rárá. Ó wà, ayò tí ó sì jẹ́ ìbátan tiwa ni ó ti wá. Ayò tí àwọn ará Gánà ń pè ní oware, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mọ̀ sí awari, jẹ́ ọmọ ìyá ayò ọlọ́pọ́n, bí òfin wọn tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà tú gbogbo ipò 889,063,398,406 tí ó lè wáyé nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ọ̀tayò méjèèjì kò bá ṣi ọmọ gbé, ọ̀mì ni wọn yóò ta.

Ètò tí ó ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ìdíyelé, kò sì nílò ìtọpa jíjìn. Bí a bá fẹ́, kí a fi kèké pín ọmọ sí inú ilé rẹ̀ lọ́nà èyíkéyìí tí ayò lè gbà dé. Kò ní yí nǹkan kan padà fún un. Níbẹ̀, kò sí ọwọ́ líle tàbí ọwọ́ rírọ̀. Ohun tí ó wà ni ìdáhùn. Èyí ni ó mú wa sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìṣọwọ́tayò ń fi ààlà ìmọ̀ hàn. Níbi tí ìmọ̀ bá ti pé, ìṣọwọ́ parí. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, níbi tí ìmọ̀ kò lè pé, ètò kọ̀ọ̀kan ń fi ọwọ́ tirẹ̀ dí àlàfo náà.

7.0 Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá

Ètò atayò: ètò kọ̀ǹpútà tí ń ta ayò.
Ìṣọwọ́tayò: bí ọ̀tayò tàbí ètò ṣe ń lo agbára rẹ̀ nínú ayò.
Ipò àfikèkéyàn: ipò ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi kèké mú láti inú iye tí òfin ti là sílẹ̀.
Ṣẹ́ẹ̀sì òjìdínlẹ́gbẹ̀rún: ṣẹ́ẹ̀sì tí ó ní ipò ìbẹ̀rẹ̀ 960.
Àkọ́sórí ìbẹ̀rẹ̀: ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ayò tí a ti kó jọ ṣáájú.
Ìtọpa: títẹ̀lé ipa ìgbésẹ̀ tí ó lè wáyé síwájú.
Ìdíyelé: sísọ iye tí ipò kan tọ́ sí láìdé òpin ayò.
Àwọ̀n-ìṣirò: àwọ̀n nọ́ńbà tí ń kọ́ ìdíyelé láti inú àpẹẹrẹ.
Ìbára-ẹni-ta: kí ètò máa bá ara rẹ̀ ta ayò láti kọ́ ara rẹ̀.
Ìfọbasódi: ìgbésẹ̀ àjọgbé ọba àti ilé-ìṣọ́.
Ọ̀mì: ayò tí ẹnikẹ́ni kò jẹ.

Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò ṣẹ̀dá ọ̀kan tí ó gbẹ̀yìn. Lẹ́nu àwọn tí ń ta ayò lábẹ́ igi ni a ti gbà á.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìperí tí ó tọ́ ń ràn wá lọ́wọ́ láti ronú tààrà. Ẹni tí ó bá ní ìtọpa àti ìdíyelé lẹ́nu lè ṣàlàyé fún ọmọ ọdún méjìlá ìdí tí ètò ńlá fi fojú di bíṣọ́ọ̀bù inú kọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní ju ‘ẹ̀rọ ń ronú’ lọ yóò pe é ní àṣìṣe, yóò sì kọjá. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wúlò ju ojú ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì lọ, nítorí pé ètò tí ń fi àpẹẹrẹ kọ́ṣẹ́ ti wọ iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè àti iṣẹ́ ìlera. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí á máa bi í: kí ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí ni kò sì tíì rí? Ètò ìtumọ̀ tí a kò fi èdè Yorùbá tó kọ́ wà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọ̀n tí kò rí bíṣọ́ọ̀bù ní kọ̀rọ̀ rí. Yóò dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú, yóò sì ṣìnà.

A kò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá kò ní àléébù. Ìfọbasódi gùn lẹ́nu, kèké sì lè má yé ọmọ tí kò rí i kí wọ́n ṣẹ́ ẹ rí. Kí àwọn olùkọ́ gbé wọn dé kíláàsì, kí àwọn olùtumọ̀ fi wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì kọ èyí tí kò bá jẹ́ wá. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ti ń di èdè.